Aṣọ Dúdú Tí A Fi Bo Ẹja Inísà

Tí ẹ bá dé Ìkìrun tí ẹ béèrè ilé Ìyá Ẹlẹ́ja, ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọjà ni wọn yóò kọ́kọ́ mú yín lọ. Ẹja tèmi kì í ṣe jíjẹ. Inú àpótí gíláàsì ló ń gbé, nínú pálọ̀ àwọn èèyàn ńlá, ní ilé àlejò, àti ní ilé ìwòsàn níbi tí aláìsàn ti ń jókòó retí dókítà. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú omi rẹ̀, àti ewéko tó ń hù nínú omi náà, àti iná tó wà lórí rẹ̀. Iná yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó tan iná àti ìgbà tó yẹ kó pa á, kò mọ nǹkan kan, ibi yòówù kó ti ra ẹja rẹ̀.

Àwọn ọmọ kan tó ń wá iṣẹ́ ọwọ́ ló ní kí n wá sọ bí mo ṣe lo ayé mi nídìí iṣẹ́ yìí, kí àwọn lè mọ̀ bóyá àwọn á kọ́ ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún mi kò gba ìkúnlẹ̀ mọ́, nítorí náà àyè sọ̀rọ̀ wà. N ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé n ó máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá ń ròyìn iṣẹ́ wọn. Inú ń bí mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń bí mi, mo sì ti mọ̀ ọ́n gbé kiri bí obìnrin ṣe ń gbé àpò rẹ̀.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Mo jáde ìwé, kò sí owó tí n ó fi tẹ̀síwájú, bàbá mi ní kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lámídì, mo rí ẹja pupa kan tó ń yọ jáde láàárín ewé, n kò dé ọ̀dọ̀ aránṣọ mọ́ títí di òní. Bàbá mi sọ̀rọ̀ títí. Wọ́n ní, "Ẹja tí wọn kì í jẹ, tí wọn kì í tà fún alásè, kí ni wọ́n ń sìn ín fún?" Ti owó, ẹ má bi mí. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ, ó tán.

Ọ̀gá Lámídì ga, wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, fìlà wọn kì í kúrò lórí. Èkó ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní ohun tí àwọn kọ́ níbẹ̀ kò wúlò tó fún Ìkìrun, torí pé ẹni tó kọ́ àwọn kò mọ ohun tí à ń pè ní kí oníná mú iná lọ. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo rò pé wọn á fi àwọ̀n tí wọ́n fi ń kó ẹja lé mi lọ́wọ́. Àga ni wọ́n gbé fún mi.

"Jókòó. Máa wo omi."

"Kí ni kí n máa wò nínú rẹ̀, Ọ̀gá?"

"Tí mo bá sọ fún ọ, ohun tí mo sọ nìkan lo máa rí."

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo fi jókòó síbẹ̀. Tí mo bá na ọwọ́ sí omi, wọ́n á fi àkísà tútù nà mí lọ́wọ́. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ irun dídì máa ń kọjá, wọ́n á ní, "Sẹ̀lí, ṣé ẹja ti bá ẹ sọ̀rọ̀?" Mo bínú sí Ọ̀gá nígbà náà. Ìyẹn nìkan ni ìbínú tí mo ti dá padà nínú gbogbo èyí tí mo ní.

Torí pé mo rí i nígbà tó yá. Ewéko inú omi ń jẹ iná bí àwa ṣe ń jẹ oúnjẹ. Tí iná kò bá tó o, ewé á fẹ́lẹ́, á pọ́n, igi rẹ̀ á máa na ọrùn sókè. Tí iná bá pọ̀ ju ohun tí ewéko lè jẹ lọ, àjẹkù rẹ̀ kì í ṣòfò. Ohun kan wà tó máa ń jẹ ẹ́, ohun tútù aláwọ̀ ewé tó máa ń hù sára ìkòkò omi àti sí ojú kòtò, tó máa ń mú èèyàn yọ̀ ṣubú. Ọ̀gá máa ń pè é ní yọ̀yọ̀. Yọ̀yọ̀ á bo gíláàsì, á bo òkúta, á wé mọ́ ewé títí ewé á fi jẹrà. Nígbà mìíràn á wọ inú omi fúnra rẹ̀, omi á sì di ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.

Orí okùn ni Ọ̀gá fi iná àpótí wọn kọ́ sí, kí wọ́n lè máa gbé e sókè tàbí kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n á ní kí n na ọwọ́ sí òkè omi, kí n wo òjìji ọwọ́ mi lórí iyanrìn ìsàlẹ̀. Tí òjìji bá dúdú tí etí rẹ̀ sì mú, iná ti sún mọ́ omi jù. Tí n kò bá rí òjìji rárá, ebi ń pa ewéko. Wọ́n fẹ́ òjìji tí etí rẹ̀ rọ̀. Mo ti rí ọmọ ìsinsìnyí tó fi fóònù wọn iná, tí fóònù sọ fún un pé ó dára, tí òjìji ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ní ti àkókò, ìpè ìrun ni aago wa. Mọ́ṣáláṣí wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá pe Àílà lọ́sàn-án, a ó tan iná. Tí wọ́n bá pe Mọ̀ǹgàríbà nírọ̀lẹ́, a ó pa á. Tí oníná bá mú iná lọ láàárín méjì yẹn, ohun tó lọ nìyẹn, a kì í dí i. Mo bi Ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé, tí kò bá sí iná láti àárọ̀, ṣé kí a má fi alẹ́ dí i?

"Tí o kò bá jẹun lọ́sàn-án," wọ́n ní, "ṣé wàá jẹ abọ́ mẹ́ta lálẹ́?"

"N ó jẹ ẹ́, Ọ̀gá."

"Ìdí nìyẹn tí inú fi ń run ọ́."

Ibí yìí gan-an ni ìbínú mi sí àwa èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. A kò lè rí iná kí a fi í sílẹ̀. Tí oníná bá dá a padà, gbogbo ilé á pariwo, wọ́n á tan fáànù, wọ́n á tan áyọ́ọ̀nù, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n méjèèjì, wọ́n á sì tan ti ẹja mọ́ ọn, á sì wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí pé bóyá kò ní sí lọ́la. Mo ti bẹ̀ wọ́n, mo ti bá wọn jà. Wọ́n á ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ jẹ́ kí ẹja náà gbádùn ìjọba." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á ránṣẹ́ pè mí pé omi ti yí padà, wọ́n á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo yí i.

Ewéko tó dára jù lọ lọ́wọ́ Ọ̀gá kò wá láti Èkó. Etí odò kan lẹ́yìn Òkúkù ni wọ́n ti rí i. Ewé rẹ̀ nípọn, ó dúdú mìnìjọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń di òkúta mú tí o kò fi lè já a láìya á. Kì í yára hù rárá. Nítorí náà, tí iná bá pọ̀, òun ni yọ̀yọ̀ máa ń kọ́kọ́ gùn. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń bójú tó etí odò náà, wọn kì í sì í mú nǹkan kúrò níbẹ̀ láìbi í. Ọ̀gá, tí wọ́n jẹ́ mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ fún ìyá yẹn. Ìyá ní kí wọ́n máa kó ewé náà lọ pẹ̀lú òkúta rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá kú lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n dá òkúta rẹ̀ padà sínú omi.

"Ó ní ibi tó ti wá," ìyá ní. "Má jẹ́ kó sùn síta."

Ọ̀gá gbà. Ọdún lé ọdún, wọ́n ń pín ewéko yẹn, wọ́n ń gbé e sórí òkúta mìíràn, títí ó fi pọ̀. Àpótí tó tóbi jù lọ tí a ní, ti ilé àlejò kan ní Inísà, ni wọ́n kó àwọn òkúta àkọ́kọ́ sí. Ibẹ̀ ni ìyá gbogbo ewé tó kù wà.

Ẹni tó ni ilé àlejò náà, tó sì ń gbé inú rẹ̀, ni Alàgbà Oyèníran. Aládùúrà ni, alàgbà ńlá nínú ìjọ rẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbààwọ́n. Ó fẹ́ràn àpótí ẹja náà, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Àìsàn tó ń ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é. Kì í pa iná. Yọ̀yọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ewé Òkúkù, Ọ̀gá sì rí i pé a gbọ́dọ̀ fi òkùnkùn pa á.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó pa iná, a ó fi aṣọ dúdú tó nípọn bo àpótí náà láti òkè délẹ̀, a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láìṣí i wò. Ewéko lè fara da ebi. Yọ̀yọ̀ kò lè fara dà á, á kú, a ó sì wá fa omi burúkú náà dà nù. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé aṣọ dúdú kì í wọ ilé Aládùúrà. Ọ̀gá mọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá a níbi tó jókòó sí, èmi náà wà lẹ́yìn wọn.

"Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí aṣọ dúdú wọlé. Kì í ṣe èèyàn ló máa wọ̀ ọ́. Omi ni. Tí a bá lo funfun, iná á gba inú rẹ̀ kọjá, iṣẹ́ ò ní ṣe."

Alàgbà ronú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lámídì, torí ẹja wọ̀nyí, mo gbà. Ẹ bò ó."

Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. A bò ó, Ọ̀gá sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí àwọn fi máa padà wá.

A kò tíì padà tí Alàgbà fi ṣí i, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Ìjọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i, ojú sì tì í pé kí wọ́n bá aṣọ dúdú nínú pálọ̀. Ó ká a kúrò, ó fi aṣọ funfun kan rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ní kí wọ́n ká funfun náà, kí àlejò lè rí ẹja. Jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, iná sì wà lórí omi náà tọ̀sán-tòru. Yọ̀yọ̀ tó ti fẹ́ kú jí padà. Omi di ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Nígbà tó rí i pé àlejò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ da omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun wọn sínú rẹ̀, èyí tó máa ń ta èèyàn nímú yẹn, kí omi lè tètè mọ́.

Omi mọ́. Ó mọ́ gaara. Gbogbo ẹja léfòó sókè rẹ̀, ewé Òkúkù funfun bí ìwé, ó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Mo gbóòórùn rẹ̀ kí n tó wọlé. Àwọn èèyàn ìjọ ti pé síbẹ̀, gbogbo wọn funfun. Mo béèrè, n kò rọra béèrè, "Bàbá, ta ló da omi aṣọ funfun sínú omi ẹja?"

Ó wojú àwọn èèyàn rẹ̀, ó wojú wa. Ó ní, "Ṣé ìwọ ọmọ yìí ló ń bi mí léèrè nínú ilé mi? Ẹ wo aṣọ tí wọ́n kó wá." Ó gbé aṣọ dúdú wa sókè. "Ẹni tó fi èyí bo omi nínú ilé onílé, kí lẹ rò pé ó ń ṣe? Oògùn tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló pa ẹja."

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo lanu láti fèsì, Ọ̀gá gbá mi léjìká mú.

"Sẹ̀lí, kó òkúta àti aṣọ wa. Jẹ́ ká lọ."

Nínú ọkọ̀ ni mo ti bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Tí mo bá ní òun ló pa á, wọ́n á ní mo bú alàgbà. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́ nínú àwa méjèèjì?" Mo ní ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ bó ti wù kó rí. Mo ṣì ń bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti kú.

Òkúkù ni a gbà lọ. Ọ̀gá gbé òkúta yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú odò, wọ́n ń fi ọwọ́ pa yọ̀yọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ. Ìyá àgbàlagbà yẹn dúró létí odò, ó ń wò wá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí omi lójú ọ̀gá mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn rìn ju ọkọ̀ lọ. Ó dé Ìbà, ó dé Òkúkù, ó dé Ìkìrun ṣáájú wa. Wọ́n ní Lámídì ẹlẹ́ja ń fi aṣọ dúdú bo omi, ó ń ṣe oògùn. Ilé ìwòsàn ní kí a wá gbé àpótí wa. Ilé ìwé kan náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí Ọ̀gá ti tọ́jú ẹja wọn láti ìgbà tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn kò jẹ́ kí wọ́n wọ pálọ̀ mọ́. Ọ̀gá ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń tan iná ní Àílà, wọ́n ń pa á ní Mọ̀ǹgàríbà, kò sì sí ẹni tó ń wọlé wá wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kú. Ẹni tó bá ní ikú Ọlọ́run ni, mo gbà. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà.

Èmi ni mo gba ṣọ́ọ̀bù. Mo padà lọ kúnlẹ̀ fún ìyá Òkúkù, ó fún mi ní ewé míì. Díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ padà, torí pé obìnrin ni mí, orúkọ mi kì í sì í ṣe Lámídì. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé aṣọ dúdú wọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Páálí ni mo ń lò, páálí ẹyin, páálí tẹlifíṣọ̀n, tí omi ń rẹ, tó ń ya mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lẹ páálí mọ́ gíláàsì ni mo ń bú Alàgbà Oyèníran nínú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Gílóòbù pupa tó ń gbóná, tó ń se omi, ni mo bá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná gígùn funfun dé, tí a ní láti máa pààrọ̀ kó tó kú torí pé agbára rẹ̀ máa ń dínkù kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Nísinsìnyí ni àwọn iná kéékèèké tó ń lo rímóòtù dé, tó ń yí àwọ̀ padà, tó ní táímà nínú. Táímà yẹn ni ohun tó dára jù lọ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ wa, kò sì sí ẹni tó ń lò ó. Wọ́n á fi rímóòtù sọ omi di búlúù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbàgbé iná síbẹ̀. Sólà wá bà á jẹ́ pátápátá. Nígbà kan, oníná ló máa ń gba ewéko lọ́wọ́ wọn. Ní báyìí kò sí ẹni tó ń gbà á.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní Tóyìn lòun ń jẹ́.

"Ẹ káàsán mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Àpótí ẹja dádì mi ti di gírínì pátápátá. A ti ṣe sólà o, iná kì í lọ rárá, mo sì rò pé ìyẹn á ràn án lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ dádì ò gbé wọn jáde mọ́. Ẹja yẹn nìkan ni wọ́n ń wò látàárọ̀, wọ́n ò sì rí i mọ́ báyìí."

Mo ní níbo. Ó ní Inísà. Mo ní ta ni dádì rẹ. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, mo kọ́kọ́ fẹ́ kí omi náà di ọbẹ̀ sí i lójú títí ayé. Mo pa fóònù. Mo jókòó, mo wo àpótí tèmi títí wọ́n fi pe Mọ̀ǹgàríbà. Mo pa iná, mo pè é padà, mo ní mò ń bọ̀.

Mo bá Alàgbà lórí àga, ó ti rù, irun rẹ̀ funfun bí aṣọ rẹ̀. Àpótí náà wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Iná lórí rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ó ń dun ojú. Mo tú àpò mi, mo fa aṣọ dúdú yọ, èyí tó gbé sókè lọ́jọ́sí. N kò jù ú nù rí.

"Tóyìn, páálí wà, mo ti fi ṣiṣẹ́ pẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, aṣọ ni mo máa lò."

Alàgbà wo aṣọ náà, ó wò mí. "Ìwọ lọmọ tó wà lẹ́yìn Lámídì."

"Èmi ni, Bàbá."

Ó ní, "Bò ó."

"N ò tíì bò ó. Ẹni tó bá wọlé tó bá bi yín ohun tí aṣọ dúdú ń wá níbí, ẹ̀yin lẹ máa dá a lóhùn. Kì í ṣe Tóyìn, kì í ṣe èmi. Ẹ máa sọ ẹni tó ní kí a bò ó nígbà yẹn, àti ẹni tó ṣí i, àti ohun tí ẹni náà dà sínú rẹ̀. Tí ẹ ò bá ní sọ ọ́, mo ń lọ sílé."

Tóyìn fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n bò ó. Mo pa iná, mo bò ó délẹ̀, mo so etí rẹ̀ pọ̀. Mo wá gbé àga, mo jókòó tì í. N kò ní lọ kí n tó fi etí mi gbọ́ ọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ìyá ìjọ méjì wá gbàdúrà fún un, nínú aṣọ funfun wọn. Àgbà inú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Bàbá, kí ni aṣọ dúdú ń wá nínú pálọ̀ yín?"

Alàgbà wojú mi. N kò wo ibòmíràn.

"Lámídì ẹlẹ́ja, ará Ìkìrun, ló kọ́kọ́ fi aṣọ yìí bò ó nígbà kan. Èmi ni mo ní kó bò ó, ó sì ní kí n má ṣí i," ó ní. "Kò ṣe oògùn kankan. Èmi ni mo ṣí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n da omi aṣọ sí i. Èmi ni mo pa ẹja yẹn, mo sì ní òun ni."

Ohùn rẹ̀ kò jáde tó, ìyá kejì sì wà lẹ́yìn, ó ń na ọrùn láti gbọ́. Mo ní kí Bàbá tún un sọ.

Wọ́n tún un sọ.